Ìsó Gbígbóná Níwájú Sístà

Títí di òní, tí mo bá rí puff-puff, ojú ló ń tì mí.

Ìjọ Àgùdà tí mò ń lọ ní Paris ló ń kówó jọ, wọ́n ní kí kálukú gbé oúnjẹ ilẹ̀ rẹ̀ wá tà. Mo din puff-puff kún abọ́ ńlá méjì. Ibi tó yẹ kí n dúró sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti kọ́ Faransé fún odidi oṣù mẹ́rin, ṣé mo máa gbé ọjà kalẹ̀ láìkọ orúkọ sí i ni?

Mo ti rí nǹkan kan tó jọ puff-puff bí ìbejì ní ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì àdúgbò wa: roboto, dídín, wọ́n bu ṣúgà lé e lórí. Pets-de-nonne ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Mo bá gé páálí, mo kọ ọ́ gàdàgbà. Kò tíì tó mi! Mo fi kún un pé ti Áfíríkà ni, ó sì ń gbóná fẹlifẹli. Mo fi han ẹ̀gbọ́n mi tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní, "Àbúrò, Faransé ẹ ti já gaara."

Tábìlì àwọn Sístà, àwọn obìnrin ìjọ tí kì í lọ́kọ, ni wọ́n wá fi mí sí.

Oníbàárà àkọ́kọ́ kà á, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ìkejì sáré lọ pe ọkọ rẹ̀. Wọ́n pé lé mi lórí, wọ́n ń ya páálí ní fọ́tò, kò sẹ́ni tó ra ẹyọ kan. Èmi rò pé ọjà ti yá, mo bá ń polówó kíkankíkan. Ọmọ Ketu ilẹ̀ Benin kan ló ṣàánú mi, ó sọ ọ́ sí mi létí: "Ẹ̀gbọ́n, ìsó Sístà lẹ ń tà o."

Ìsó. Gbígbóná. Ti Áfíríkà.

Ṣé ẹ̀bi mi ni, àbí tàwọn Faransé? Wọ́n ní ọmọge kan, Agnès, tó ń kọ́ṣẹ́ Sístà ní ilé ìsìn Marmoutier, ló ṣèèṣì só ní ilé ìdáná, ìtìjú bá jẹ́ kí ṣíbí ìyẹ̀fun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú òróró gbígbóná. Àlọ́ ni, mo mọ̀. Àwọn yìí náà ló ń pe ìpápánu kan ní chou, ìyẹn kábéèjì. Wọ́n pe òmíràn ní éclair, ìyẹn mànàmáná. Wọ́n to chou méjì léra, wọ́n ní religieuse ni, Sístà gan-an!

Sístà àgbà gba máákà lọ́wọ́ mi, ó fa igi lé pets, ó kọ soupirs. Orúkọ tí àwọn ọlọ́wọ̀ ń pè é nìyẹn, ìyẹn ni pé Sístà kàn mí kanlẹ̀ ni, kò só. Afẹ́fẹ́ náà ṣì ni, ọ̀nà tó gbà jáde ló yàtọ̀. Ó jẹ mẹ́rin lórí ìdúró.

Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ẹ̀yìn òpó ni mo ti bá a, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ti mọ̀ láti ilé.