Sátidé: Ọ̀rọ̀ Epo

Ọ̀rọ̀ epo ló gba ọkàn mi lónìí. Láti ìgbà tí dókítà ti ní kí n dín ìwọ̀n mi kù nítorí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi tó ń gòkè, gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ń bá mi ka oúnjẹ tí mi ò gbọdọ̀ jẹ. Pa àmàlà tì. Gbàgbé iyán. Má fojú kan ẹ̀bà mọ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ epo. Bẹ́ẹ̀, ṣíbí ìjẹun kan péré, ì báà jẹ́ epo pupa, ì báà jẹ́ òróró, ó tó nǹkan bí 120 kalori, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Ta ló sì ń fi ṣíbí ìjẹun wọn epo nílùú Ìbàdàn yìí? Ńṣe là ń gbé kẹ́ẹ̀gì, a ó dà á títí ojú ọbẹ̀ á fi máa dán, àlejò á sì ní a mọ ọbẹ̀ sè.

Obìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ nílé ìwòsàn ló là á yé mi. Ó ní gíráàmù kan sítáàṣì ní kalori 4, purotéènì náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gíráàmù kan ọ̀rá tàbí epo ní 9. Ó bu 1,500 kalori fún mi lójúmọ́, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ lọ sísàlẹ̀ 800, àfi kí dókítà máa ṣọ́ ọ. Ìdajì kílò lọ́sẹ̀, tó bá pọ̀ tán kílò kan, ìyẹn tó. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta tíì tó ń fọ ikùn lórí WhatsApp ní tòun yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀, mo rí sẹ́nà níbẹ̀. Ewé tó ń múni yàgbẹ́ ni sẹ́nà. Omi ara lẹni tó ń mu ún ń yà dà nù, ọ̀rá jókòó síbi tó wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní n óò ronú sí i. (Mi ò ní ronú sí i.)

Láàárọ̀, àwọn ọmọ ní dodo làwọn fẹ́. Mo bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta fún wọn, mo sì se ààbọ̀ ọ̀kan fún ara mi pẹ̀lú èèpo ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà ni, láti ara ìdì kan náà, àmọ́ kí dodo tó jáde nínú òróró, kalori inú ẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti èyí tí a sè. Ẹyin náà ńkọ́? Ẹyin sísè kan ò ju nǹkan bí 75 lọ. Tí a bá wá fi ṣíbí ìjẹun òróró kan dín in, òróró yẹn nìkan ti ju ẹyin lọ. Mo fi ẹyin sísè méjì, tòmátò àti àlùbọ́sà tútù ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo yó. Ṣùgbọ́n òórùn dodo yẹn, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, torí ẹ̀ ni mo ṣe tètè gbé báàgì, mo kọrí sọ́jà.

Ní Bódìjà, ọyẹ́ ti bá ewédú jà, ìwọ̀nba tó wà wọ́n. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ mi wo iye ìdì tí mo kó jọ, ó ní, “Ìyá Tóbi, ṣé ẹ fẹ́ ṣe ìnáwó ni?”

Mo ní, “Rárá o, Màmá, ikùn mi ni mo fẹ́ fi tàn.”

“Ẹ mú ṣọkọ nígbà náà. Tẹ̀tẹ̀ yìí ti ń gbó.”

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀fọ́, ilá àti ewédú ni pé èèyàn lè jẹ wọ́n kí ó kún àwo. Gíráàmù 100 ilá tútù tàbí ewédú tútù ò tó 40 kalori, nígbà tí ìwọ̀n kan náà gààrí gbígbẹ á lé ní 300. Àwọn tó ń sọ fún mi pé kí n máa jẹ ewé lẹ́túùsì àti ọ́ọ̀tì tó ti òkè òkun wá, tí owó ẹ̀ tó owó ìdì ṣọkọ rẹpẹtẹ, mi ò mọ ohun tí wọ́n rò pé àwọn ìyá wa ń jẹ. Ewédú àti gbẹ̀gìrì ti wà nílẹ̀ yìí kí kalori tó dé. Ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, purotéènì sì wà nínú ẹ̀ dáadáa. Àfi kí a máà fi ọbẹ̀ ata tó ń léfòó nínú òróró bò ó mọ́lẹ̀.

Bí mo ṣe se ẹ̀fọ́ náà nìyí, torí àwọn tó ti ń bi mí. Mo lọ tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà, mi ò jẹ́ kó kúnná. Mo dà á sínú ìkòkò láìfi epo sí i, mo sì jẹ́ kó hó títí omi ẹ̀ fi gbẹ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ìgbà yẹn ni mo wá wọn epo: ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, fún ìkòkò tí ẹni márùn-ún máa jẹ. Irú wooro tẹ̀ lé e, mi ò ṣahun sí i. Mo ya panla sí wẹ́wẹ́, mo da edé lé e lórí, mo sì dé e kó lè mọ ara wọn. Ṣọkọ tí mo ti bọ̀ sómi gbígbóná, tí mo fọwọ́ fún títí kò fi kán tó mọ́, ló wọlé kẹ́yìn. Mo rò ó pọ̀, mo sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó di dúdú. Adùn ẹ̀fọ́ rírò, irú àti ẹja gbígbẹ ló ń mú un wá. Epo kàn ń gba ìyìn ni. Bí irú bá sì pọ̀ tó, èèyàn ò nílò kúúbù tó kún fún iyọ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún onífúnpá bíi tèmi, torí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5.

Bàbá Tóbi wo inú àwo, ó wo ojú mi. “Ṣé epo ti tán nílé ni?”

“Epo ò tán, Bàbá Tóbi. Ẹ tọ́ ọ wò ná.”

Ó tọ́ ọ wò. Kò sọ nǹkan kan. Ó tún ní kí n bu àmàlà sí i. Èmi jẹ àmàlà tó tó ìkúùkù mi kan, mo sì fi ẹ̀fọ́ dí ibi tó kù lára àwo.

Ìkómọ ni mo lọ lọ́sàn-án, ní Apátá. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Mi ò tíì kí ìyá ọmọ kú ewu tán tí àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, fi dì mí mú léjìká. “Kí ló ń ṣe ẹ́? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ ti wọlé! Ṣé ọkọ ẹ ń fún ẹ lóúnjẹ ṣá?” Gbogbo tábìlì ló bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó bá sanra lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹ̀rí ọkọ rere ló gbé sára. Èyí tó bá wá ń rù, wọ́n á máa wá ẹjọ́ wá sílé ẹ̀: àìsàn ni àbí orogún? Ẹni tó ń dín oúnjẹ kù ò lè dá a ṣe nídàákẹ́jẹ́ẹ́, àfi kó máa gbẹ́nu sọ fún ọkọ ẹ̀ lóde.

Àṣé ọgbọ́n kan wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ráìsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín àti ẹran díndín wá, mi ò kọ nǹkan kan. Ẹni tó bá kọ oúnjẹ nílé ìkómọ ti bú ẹni tó sè é. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín náà tán, mo jẹ ẹran kan, mo bu ráìsì tọ́ wò lẹ́ẹ̀mélòó kan, mo yin alásè délẹ̀, mo wá ní kí wọ́n bá mi fi ike di ìyókù fún àwọn ọmọ. Inú àǹtí mi dùn ju pé kí n jẹ ẹ́ tán lọ. Omi ni mo mu. Mínírà ni mi ò lè fojúure wò mọ́, torí ṣúgà inú ẹ̀ kì í yó èèyàn.

Alẹ́ ló le jù. Ebi aago mẹ́sàn-án kì í ṣe ebi gidi, àmọ́ ó mọ orúkọ gààrí àti ẹ̀pà. Ẹ̀pà dára, kò síyèméjì, ṣùgbọ́n ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan, bíi gíráàmù 30, ti ń lọ sí 170 kalori, kò sì sẹ́ni tó ń jẹ ẹ̀kúnwọ́ kan. Àgbálùmọ̀ ló yọ mí. Mo pa méjì, mo ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, mo ń bá Tóbi wo bọ́ọ̀lù, ebi náà sì wábi gbà.

Mo ti rẹ ẹ̀wà sómi báyìí fún mọ́ínmọ́ín ọ̀la, lẹ́yìn ìsìn. Bí mo ṣe wọ ìdáná, mo bá ìgò epo kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo iyọ̀, tuntun, wọn ò tíì já ìdérí ẹ̀. Bàbá Tóbi ló rà á bọ̀ nígbà tó lọ gba afẹ́fẹ́ nírọ̀lẹ́. Kò dárúkọ ẹ̀ fún mi, èmi náà ò bi í. Mo mú bírò, mo kọ “Bàbá Tóbi” sára ìgò náà, mo sì gbé e padà síbi tó gbé e sí.