Nọ́ńbà tí a ń gé nírù

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọjọ́ Ẹtì

Nọ́ńbà tó gba ọkàn mi lónìí ni 73,939,133. Yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí nọ́ńbà tó lè pín in kó má ṣẹ́ kù. Irú rẹ̀ ni àwọn tíṣà wa níbí ń pè ní nombre premier lédè Faransé. Ìyẹn nìkan kò jọ mí lójú, irú wọn kò lópin. Ìrù rẹ̀ ni mo ń sọ. Ẹ gé 3 tó gbẹ̀yìn dànù, 7,393,913 ló kù, òun náà kò ṣeé pín. Ẹ tún gé e: 739,391. Bákan náà ni. 73,939. 7,393. 739. 73. Títí tó fi ku 7 nìkan, kò sí ibi tó ti fọ́.

Iná lọ lọ́sàn-án, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́, mo bá fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fi àtàǹpàkò nu ìrù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi fóònù yẹ èyí tó kù wò. Nígbà tó kan 7,393, ó pariwo: “Bàbá, ó kù díẹ̀!” Òótọ́ ni. 7 pín 7,392 déédéé, 11 náà pín in déédéé. 1 péré ló gbà á lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ìyá ẹlẹ́kọ tó wá gba bùbá rẹ̀ dúró wò wá. “Ọmọ mi, ṣé èyí tó máa jáde ní lọ́tò lọ́la nìyẹn?” Mo ní rárá o, Màmá, ẹ má fowó yín ta á. Síbẹ̀, mo rí ètè rẹ̀ tó ń kà á sínú.

7, 3, 9 àti 1 nìkan ló wà nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe oríire. Bí a ti ń gé e, kálukú wọn ló máa di ìkẹyìn. Bí ìkẹyìn bá jẹ́ 0, 2, 4, 6 tàbí 8, 2 á pín in. Bó bá jẹ́ 5, 5 á pín in. Àfi ẹni tó wà níwájú pátápátá. Lọ́dún 1772, Euler, onímọ̀ ìṣirò, fi hàn pé 2,147,483,647 kò ṣeé pín, ó sì ju tèmi lọ fíìfíì. Àmọ́ ẹ gé 7 ìdí rẹ̀, ó di 214,748,364. Ó tán.

Gbogbo nọ́ńbà tí a lè gé nírù báyìí láìfọ́ kò ju 83 lọ, 73,939,133 ló sì tóbi jù. A fẹ́ so ìrù mìíràn mọ́ ọn. Àròpọ̀ àwọn ẹyọ rẹ̀ jẹ́ 38. Bí a bá so 1 mọ́ ọn, ó di 39, bó bá jẹ́ 7, ó di 45, 3 sì pín méjèèjì. Ìrù 3 àti 9 náà kò gbà, àmọ́ tiwọn kò hàn sójú báyìí.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ lásán jẹ́rìí sí 73,939,133 gan-an á dán aláìṣeépín tó lé ní 1,000 wò, títí dé 8,598. Kò nílò láti kọjá ibẹ̀, torí pé 8,599 lọ́nà 8,599 ti ju nọ́ńbà náà lọ. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó wà lórí 41.