Bí a ṣe ń bu ọlá fún àwọn tó ń ran ajagunfẹ̀yìntì lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ní ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Kò ní pẹ́ tí wọn á fi ní kí ẹ ṣètò oúnjẹ àti ìwé ẹ̀rí tí a máa ń fún àwọn olùyọ̀ǹda náà nínú oṣù kẹrin, lọ́sẹ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè yìí fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ irú wọn. Ẹ ṣe é kó dára, kí orúkọ kálukú sì pé lórí ìwé rẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni pé béèyàn ò bá mọ ohun tí ẹnìkan ń ṣe ní àmọ̀dájú, ọlá tó bá bù fún un ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọdún 1946 ni ètò ìyọ̀ǹda ara ẹni yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Ọ̀gágun Omar Bradley ń darí àjọ tó ń tọ́jú ajagunfẹ̀yìntì. Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, àwọn ọmọ ogun ń wọlé rẹpẹtẹ, òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù kò sì lè ká iṣẹ́ náà. Títí dòní, wọn ò ká a.

Ẹ wo àwọn awakọ̀. Disabled American Veterans, ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì tó di aláàbọ̀ ara, ló dá ètò ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tó ń gbé aláìsàn wá sí ilé ìwòsàn sílẹ̀ lọ́dún 1987, nítorí ìjọba dáwọ́ owó ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ń gbà dúró. Awakọ̀ yẹn kì í gba kọ́bọ̀. Dókítà á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á wádìí ìwà rẹ̀ wò, kí wọ́n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó fi ń ha yìnyín kúrò lára gíláàsì ọkọ̀. Ó mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé ká, tó gbọ́dọ̀ jókòó síwájú. Ó mọ ẹni tí kò fẹ́ ariwo rédíò rárá, torí láti ojú ogun ni ariwo ti di ìpayà fún un. Ó mọ èyí tó ń gbé lóun nìkan lóko, tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ yẹn ò bá dé, kò sí ìtọ́jú jẹjẹrẹ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ṣe gbogbo èyí, ẹ wá kọ “fún iṣẹ́ takuntakun” sórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀! Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn aláìsàn tó máa ń fi ọkọ̀ gbé, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ.

Àwọn àgbà wa ní yin ni yin ni, kí ẹni ó ṣe òmíràn. Ní tàwọn wọ̀nyí, bí a yìn wọ́n, bí a ò yìn wọ́n, wọ́n á ṣe òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti jagun rí fúnra wọn, wọ́n ja ti Vietnam, wọ́n sì gbà pé ọmọ ìyá àwọn ni àwọn ń gbé. Ẹ má wá rò pé nítorí bẹ́ẹ̀ ìyìn ò pọn dandan. Gbèsè ni, ẹ san án.

Ibi tó le jù ni ọjọ́ tí dókítà bá sọ pé bàbá kan ò gbọ́dọ̀ wakọ̀ mọ́. Ẹ má fi lẹ́tà sọ ọ́ fún wọn, ẹ má sì sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ pè wọ́n jókòó, kí ẹ ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Kí wọ́n máa pe àwọn aláìsàn tó ń bọ̀ lọ́la ní fóònù, tàbí kí wọ́n wà lára àwọn tó ń jókòó ti ajagunfẹ̀yìntì tó ń kú lọ tí kò lẹ́bí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irú ètò bẹ́ẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa. Iṣẹ́ gidi ni kó jẹ́ o. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ lásán tan àgbà, wọ́n á mọ̀, wọn ò sì ní padà wá. Níbí yìí, orúkọ ni wọ́n ní kí a máa fi pe àgbàlagbà. Èmi ò lè ṣe é, “sà” ni mò ń pè wọ́n, mo sì ń dìde kí wọn. Kò sí èyí tó bínú sí i rí.

Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń wá nígbà ìsinmi náà ńkọ́? Ẹ fún wọn ní aláìsàn tí wọ́n máa fi àga onítáyà tì lọ, kí wọ́n má kàn jókòó ti tábìlì.

Bí olùyọ̀ǹda kan bá sì kú, ẹ kọ̀wé sí ẹbí rẹ̀. Àwọn ọmọ lè mọ̀ pé bàbá àwọn máa ń jáde láàárọ̀ kùtùkùtù, kí wọ́n má mọ ohun tó ń ṣe lọ́hùn-ún. Ẹ kọ iye wákàtí tó fi sìn, àwọn ìlú tó ń wakọ̀ dé, ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ nípa rẹ̀. Ẹ má dárúkọ aláìsàn kankan, òfin ò gbà á. Kí ìwé náà sì tètè dé ọwọ́ wọn ṣáájú ọjọ́ ìsìnkú, torí wọ́n lè fẹ́ kà á níbẹ̀.