Wi-Fi tí kì í jí àfi tí mo bá wọlé

Mo ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí mo gbé Debian (irú Linux kan) sí, inú rẹ̀ ni mo ń kó fáìlì pamọ́ sí. Mi ò so mọ́nítọ̀ mọ́ ọn. Igun yàrá kan ló wà, orí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ni mo ti ń fi SSH (ọ̀nà tí èèyàn ń gbà darí kọ̀ǹpútà míì láti òkèèrè) wọ inú rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí mo bá pa á tí mo tún un tàn, kì í dáhùn. Màá pè é títí. Àfi kí n gbé mọ́nítọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù lọ bá a, kí n tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà mi. Kí n tó kà dé márùn-ún, Wi-Fi á ti mú, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí.

Driver, ìyẹn ètò tó ń darí káàdì Wi-Fi, ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo lo `lspci -k`, driver wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo lo `rfkill list` kí n lè mọ̀ bóyá nǹkan ti pa Wi-Fi, ó ní "Soft blocked: no", ó tún ní "Hard blocked: no". Mo wá kọ script kan tó máa dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kó tó tún NetworkManager, ètò tó ń so ẹ̀rọ mọ́ Wi-Fi, tàn. Pàbó ló já sí. Nígbà tó sú mi, mo nu gbogbo disk, mo gbé Debian sí i lákọ̀tun. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, mo mọ̀, àmọ́ ẹni tí kò tíì sùn kì í rántí òwe. Ibi tí mo ti tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi tẹ́lẹ̀ náà ni mo tún tẹ̀ ẹ́ sí, àìsàn náà sì padà wá.

Ohun tó yẹ kó ta mí lólobó ti wà níwájú mi láti ọjọ́ kìíní. Driver tó bàjẹ́ ò mọ̀gbà téèyàn wọlé. Bí Wi-Fi bá ń dúró dè mí, a jẹ́ pé ọwọ́ mi ni ohun tó ń wá wà.

Ìgbà yẹn ni mo tó ka àkọsílẹ̀: `journalctl -b -u NetworkManager`. `-b` yẹn ní kó mú ti ìgbà tá a tan ẹ̀rọ kẹ́yìn nìkan wá. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: `need-auth -> failed (reason 'no-secrets', ...)`. Ó rí Wi-Fi, ó kan ìlẹ̀kùn, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, kò rí i mú wá. Mo fi sudo ṣí fáìlì Wi-Fi mi nínú `/etc/NetworkManager/system-connections/`, mo bá `psk-flags=1` níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé inú keyring tèmi (àpótí tí ẹ̀rọ ń kó ọ̀rọ̀ aṣínà oníkálukú pamọ́ sí) ni ọ̀rọ̀ aṣínà wà, keyring yẹn kì í sì í ṣí kí n tó wọlé.

Mo ṣí `nm-connection-editor`, mo tẹ àmì kékeré tó wà létí àpótí ọ̀rọ̀ aṣínà, mo yan "Store the password for all users". Èèyàn lè fi `nmcli` ṣe é, àmọ́ ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà sórí ìlà àṣẹ, torí history, àkọsílẹ̀ àwọn àṣẹ tẹ́ ẹ ti tẹ̀, á fi pamọ́. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé fáìlì náà á wá gbé e ní gbangba báyìí: root, ìyẹn ọ̀gá ẹ̀rọ, nìkan ló lè kà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ disk lọ náà á rí i kà.

Bí tiyín ò bá mú kódà lẹ́yìn tẹ́ ẹ wọlé, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Ẹ wo `dmesg` bóyá ó ń wá firmware (ètò tí káàdì náà fúnra rẹ̀ ń lò) tí kò rí. Ẹ tẹ `nmcli device` náà: bó bá kọ "unmanaged", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orúkọ káàdì Wi-Fi yín ti wà nínú `/etc/network/interfaces`, NetworkManager kì í sì í fọwọ́ kan èyí tó bá wà níbẹ̀.

Mo yọ okùn mọ́nítọ̀, mo tún ẹ̀rọ tàn, mo padà sídìí èyí tí mo fi ń ṣiṣẹ́, mo ń ping ẹ̀rọ náà bóyá á dáhùn. "Destination Host Unreachable" tò wálẹ̀ bíi mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ó dáhùn. Mo wọlé tán, script ọlọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni mo kọ́kọ́ pa rẹ́.