Ẹ̀yin Àbúrò Mi, Ẹ Má Kó Ṣokoléètì Pọ̀ mọ́ Wàràkàṣì

Lóṣù tó kọjá ni wọ́n fi mí ṣe olórí káńtà níbi tí a ti ń ta wàràkàṣì àti ṣokoléètì olówó ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù. Látìgbà náà ni ẹ̀yin àbúrò mi ti ń wọlé tọ̀ mí wá, owó oṣù àkọ́kọ́ lọ́wọ́, ẹ fẹ́ fi ohun dídùn kẹ́ ara yín. Ó tọ́ sí yín. Àmọ́ ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Àkọ́kọ́, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó sanwó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Comté, wàràkàṣì ilẹ̀ Faransé kan, tó pé oṣù mẹ́rin, tí òfin wọn ò gbà kó dín sí bẹ́ẹ̀, adùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tó pé ọdún méjì, orúkọ kan náà sì ni wọ́n ń jẹ́.

Èkejì, ẹ ra ìwọ̀nba tí ẹ máa jẹ tán lọ́sẹ̀ kan.

Ẹ̀kẹta ló mú mi kọ̀wé. Ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí ní ká kó gbogbo páálí ṣokoléètì Kérésìmesì sínú yàrá tútù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Stilton, wàràkàṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí òórùn rẹ̀ le. Mo ní kò ní dáa. Ó bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ìyẹn.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni! Ní Ìdànrè, tí òjò ò bá jẹ́ kí kòkó gbẹ, àwọn kan a máa fi iná igi yan án. Bàbá mi ò gbà. Ó ní èéfín tó bá ti wọ kòkó ò ní jáde mọ́, àti pé imú lẹni tó ń rà á fi ń mọ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rá inú kòkó a máa fa òórùn mọ́ra, kódà lẹ́yìn tó bá di ṣokoléètì.

Ọ̀gá yẹn ò gbọ́ tèmi, a kó ṣokoléètì náà sínú yàrá tútù. Nígbà tí a kó wọn síta, omi sẹ̀ sí wọn lára, ó yọ́ ṣúgà ojú wọn. Bó ṣe gbẹ ni wọ́n funfun. Òórùn Stilton wá gba ẹnu gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́. Àwọn oníbàárà dá a padà. Ọ̀gá yìí sọ fún ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù pé èmi ni mo kó o síbẹ̀. Wọ́n yọ mí kúrò ní káńtà, wọ́n ní kí n máa fọ abọ́ lẹ́yìn. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ọmọ ilẹ̀ kòkó ni yín. Àwọn òbí wa fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó lè kan, wọ́n sá a sóòrùn, púpọ̀ nínú wọn ò tọ́ ṣokoléètì gidi wò láyé. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rà á, ẹ má fi ṣòfò. Kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn ni kí ẹ fi í sí, láàárín 15°C sí 18°C. Wàràkàṣì ló ni fíríìjì, nínú bébà tí a fi wé e fún yín. Ẹ gbé e síta ní nǹkan bíi wákàtí kan kí ẹ tó jẹ ẹ́.