Lugard kò sùn ní òtẹ́ẹ̀lì Baba Oníkọfí

Ọmọ-ọmọ ẹni tó kọ́ òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tó wà létí títì Òkènè ní Kabba ló ń bójú tó o báyìí. Ọmọ dáadáa ni. Àbújá ló ń gbé, ṣùgbọ́n tó bá wálé, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí màmá mi. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ ìtàn ilé náà sára ògiri iwájú, ó wá fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí n bá òun yẹ Yorùbá rẹ̀ wò. Ìlà àkọ́kọ́ ni mo ka tí mo fi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Lugard sùn níbẹ̀.

Kò sí ilé àtijọ́ kan lápá ọ̀dọ̀ wa tí wọn kì í sọ pé Lugard sùn sí. Ohun tó fà á ò ṣòro láti mọ̀. Lọ́kọ́jà ni wọ́n ti ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900, ibẹ̀ ni Lugard ti bẹ̀rẹ̀ ìjọba Àríwá kó tó di pé olú-ìlú kọjá sí Zungeru. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tí páànù ilé rẹ̀ bá ti dípẹtà ló fẹ́ pín nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì ni òtẹ́ẹ̀lì yìí, òmìnira ti ń kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ọdún 1945 ni Lugard kú. Òkú kì í gba kọ́kọ́rọ́ yàrá.

Mo pe ọmọkùnrin náà, mo gbé fóònù sétí màmá mi.

"Òkun o, ọmọ mi," ni màmá wí. "Ta lo ní ó sùn níbẹ̀?"

"Lugard ni, mà. Òyìnbó tó ṣe gómìnà."

"Èmi ò fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí."

Ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀ lójú tèmi, nítorí màmá ni alágbàfọ̀ òtẹ́ẹ̀lì náà láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló fi ń lọ aṣọ, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe sítáàṣì. Orúkọ àlejò lè fò ó, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé ẹni tó fi sìgá jó aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Títí dòní, tí ó bá ń sọ̀rọ̀ awákọ̀ kan báyìí, "ẹni tó jó funfun méjì" ló ń pè é.

Baba Oníkọfí, bí gbogbo ìlú ṣe ń pe ẹni tó kọ́ ọ, kọfí àti kòkó ló ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Owé àti Ìjùmú. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò tilẹ̀ mọ̀ pé kọfí mówó wọlé ní Kabba rí. Ìjọba ti kọ́ rẹ́sì-háòsì káàkiri ilẹ̀ Àríwá nígbà náà, ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rìnrìn-àjò ni wọ́n kọ́ ọ fún. Oníṣòwò tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́, orí àpò kòkó rẹ̀ nínú ọkọ̀ ni yóò sùn. Baba náà ti sùn bẹ́ẹ̀ dáadáa kó tó lówó, èyí ló jẹ́ kó kọ́lé.

Ẹ wo àgbàlá yẹn, ẹ ó rí i pé nítorí ọkọ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ilé náà. Yàrá ò pọ̀, àgbàlá ló fẹ̀. Kabba ni ọ̀nà Lọ́kọ́jà, ọ̀nà Òkènè, ọ̀nà Òmùò Èkìtì àti ọ̀nà Ìsánlú tó lọ sí Ìlọrin ti pàdé, gbogbo lọ́rì tó bá sì dé nírọ̀lẹ́ ló ń wá ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí. Yàrá gbọọrọ kan wà lẹ́yìn tí kò ní bẹ́ẹ̀dì, ẹní ni wọ́n ń tẹ́ síbẹ̀ fún àwọn ọmọ ọkọ̀. Ìdájí ni wọ́n ń gún iyán. Awákọ̀ tó ń lọ sí Ìlọrin ò ní jẹ búrẹ́dì gbéra, àbí ẹ ò mọ àwọn ènìyàn wa ni?

Géètì méjì ló wà níwájú, ọ̀kan fún wíwọlé, èkejì fún jíjáde. Nígbà tí ìjọba yí ọkọ̀ wíwà kúrò lápá òsì sí apá ọ̀tún ní oṣù kẹrin ọdún 1972, wọ́n kun ara òpó géètì méjèèjì, wọ́n pààrọ̀ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Tí ẹ bá fi èékánná họ ọ̀dà náà díẹ̀, ẹ ó rí lẹ́tà àtijọ́ lábẹ́. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n fi gíláàsì bò, kí wọ́n fi Lugard sílẹ̀.

Àti ìwé àlejò! Ikán ti jẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí ní ọ́fíìsì. Ṣílè ni wọ́n fi kọ owó yàrá títí wọ́n fi fa ìlà pupa kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1973, lábẹ́ ìlà náà ni náírà ti bẹ̀rẹ̀: ṣílè mẹ́wàá di náírà kan. Láti 1967 tí Kabba ti bọ́ sábẹ́ ìpínlẹ̀ tí Ìlọrin jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti kún inú ìwé náà: ayẹ̀wé-owó-wò, àwọn tó ń bẹ ilé-ìwé wò, àwọn ti iṣẹ́ àgbẹ̀. Láti Ìlọrin dé Kabba jìnnà, wọ́n gbọ́dọ̀ sùn.

Ibi tí owó òtẹ́ẹ̀lì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù nìyí, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́. Inú wa dùn nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ fún wa ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ṣùgbọ́n Lọ́kọ́jà ni olú-ìlú. Ọ̀gá tó bá ti Lọ́kọ́jà wá láàárọ̀, yóò ṣiṣẹ́, yóò jẹun, yóò padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojú ewé ìwé àlejò tó máa ń kún láàárín ọ̀sẹ̀ wá ń gba oṣù kan. Àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì Ọbájánà tó dé lẹ́yìn náà ò ṣe wá láǹfààní kankan, abẹ́ ọkọ̀ wọn ni àwọn awákọ̀ ń sùn.

Àwọn agùnbánirọ̀ ló ń gbé ilé náà ró báyìí. Asaya níbí ni àgọ́ wọn wà. Tí wọ́n bá ṣí i, àwọn òbí á kó ọmọ wá láti ibi gbogbo, yàrá á sì tán.

Ọmọ-ọmọ Baba ti gbà láti yọ Lugard kúrò. Ó ní kí n kọ èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi géètì. Ẹ̀yin tí bàbá yín wa lọ́rì gba Kabba, tí ẹ bá ní fọ́tò àgbàlá náà, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú ọmọ bọ̀ ní Asaya, yàrá ẹ̀yìn ni kí ẹ bèèrè, ariwo tírélà ò jẹ́ kí ẹni tó wà níwájú sùn. Kí ẹ sì sọ ti iyán láti alẹ́.