Ẹ Bá Mi Dúpẹ́ Lórí Ọmọ Mi

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ bá wa gbààwẹ̀, mo wá dúpẹ́.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ló fẹ́ pa ọmọ mi. Inú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gẹrun ló sùn lóru ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn wà ní títì, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dókítà ní gáàsì inú èéfín yẹn, carbon monoxide, kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Bí ọpọlọ kò ṣe rí ọ́síjìn gbà nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀ọ́, ìta gbangba ni kí ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sí, kó jìnnà sí fèrèsé.

Nígbà tó lajú, a ti ń jó. Àṣé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Kò lè gbé nǹkan mì, rọ́bà tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ nímú ni oúnjẹ ń gbà. Àwọn kan ní kí n máa fi ṣíbí fún un ní ọ̀gì ní kọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan, Olúwa á bá mi bù kún un, ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: “Màmá, ẹ má ṣe é o. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni ọ̀gì yẹn máa gbà lọ, òtútù àyà ló máa dà sí i lára.” Òun náà ló kọ́ wa bí a ṣe ń yí i padà ní wákàtí méjì-méjì, kí egbò má baà dá sí i nídìí. Àbúrò ọmọ mi ló gba tòru. Ẹ bá mi kí i, kò sùn.

Gìrì tún mú ọmọ mi. Wọ́n ní ayé ni. Ayé kọ́, ọpọlọ tó fara pa ni. Oògùn ló sì mú un rọlẹ̀.

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wá le gbagidi. Onífísíò, ẹni tó ń bá aláìsàn na iṣan, á máa nà án, ọmọ mi á máa ké. Onífísíò ní iṣan tí a kò bá nà, yóò sún kì ni. Bó ṣe ń nà án náà nìyẹn títí ó fi jókòó, tó fi dìde dúró. Lónìí, ọ̀pá ló fi rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń jẹ àmàlà.

Ìrántí rẹ̀ kò tíì pé. Ẹni tó gẹrun láwìn lọ́dún tó kọjá, ó rántí gbogbo wọn. Ohun tó jẹ láàárọ̀, kò mọ̀. Mo gbé pátákó kọ́ ògiri fún un: ọjọ́, àsìkò oògùn, orúkọ àlejò.

Ọmọ mi, dìde, wá kí ìjọ. Ẹ̀yin ará, tó bá kí yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ bá mi dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì.